Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Pamọ́ De Buaphan ní Thung Saeng

A bí Ìyáàfin Buaphan Monísọ́lá Ọláníyọnu ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, ní abúlé Thung Saeng, ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Thailand. Àgbẹ̀ onírẹsì ni bàbá rẹ̀, Olóògbé Thongdi, àwọn náà sì ni baálẹ̀ tí àwọn ará abúlé dìbò yàn. Màmá Khampha, ìyá rẹ̀, ṣì wà láàyè.

Nígbà náà, Thung Saeng kò ní ọ́fíìsì ìjọba kankan. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ yóò rìn jìnnà dé olú ìlú àgbègbè, yóò sì sùn síbẹ̀ kó tó padà. Bàbá Thongdi àti àwọn baálẹ̀ yòókù bẹ ìjọba títí, pé kí wọ́n dá àgbègbè tiwọn sílẹ̀. Ìjọba gbà ní ọdún 1978. Ilẹ̀ oko Bàbá Thongdi ni wọ́n kọ́ ọ́fíìsì náà sí, Bàbá sì fi èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún Buaphan.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ṣiṣẹ́ atẹ̀wé nínú ọ́fíìsì yẹn. Oṣooṣù ni àwọn baálẹ̀ ń ṣèpàdé níbẹ̀. Baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wá padà lọ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òpó sọ ọ̀rọ̀ ìpàdé fún abúlé rẹ̀ láàárọ̀. Bí ara Bàbá kò bá yá, Buaphan ló ń bá wọn sọ ọ́.

Ó wá sí Atlanta ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, ó sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibi iṣẹ́ ní Austell, nítòsí Atlanta, ni òun àti Láńrewájú Ọláníyọnu ti pàdé, wọ́n jọ wà ní shift kan náà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1992. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Monísọ́lá. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún kejì, ìjọ wa sì fi í sídìí kíka ìfilọ̀. Aunty Yéjídé, ọmọ ìjọ wa, a máa fi ohùn rẹ̀ tó ròkè ṣàwàdà pé, “Ìyá Túnmiṣe, ẹ rọra o, a ò sí lóko ìrẹsì!” Buaphan á ní, “Àwọn tó wà ní parking lot ńkọ́? Kí wọ́n má gbọ́ ni?”

Ó fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ tó bá fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ni ìgbìmọ̀ abúlé ń bẹ Màmá Khampha pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ọdọọdún ni Màmá ń dá wọn lóhùn pé, “Buaphan ń bọ̀.” Tí wọ́n bá sọ ọ́ fún Buaphan lórí fóònù, á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, á lọ ṣí ìkòkò ìrẹsì tí kò tí ì jinná wò.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti lọ sí Thung Saeng. Àìsàn dé kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé, àwọn dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Ó ní kí ọkọ òun má dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà.

Màmá Khampha bẹ̀ wá pé bí Buaphan bá kú, kí á gbé e wá sílé ní Thung Saeng. Nígbà tí a bi Buaphan fúnra rẹ̀, ó sunkún pẹ́. Ó ní, “Ẹ sin mí síbi tí Hephzibah ọmọ mi lè wakọ̀ dé.” Itẹ́ òkú ní Fairburn, nítòsí Atlanta níbí, ni a ń gbé e lọ lónìí.

Ó fi ìyá, ọkọ, ọmọ méjì, Túnmiṣe àti Hephzibah, ọmọ-ọmọ kan, Tiwa, àti àbúrò rẹ̀ Somsak sílẹ̀ sáyé lọ. Somsak ni baálẹ̀ Thung Saeng báyìí. Òun ló sọ fún wa pé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Màmá Khampha ránṣẹ́ pe ìgbìmọ̀ abúlé, Màmá sì ní kí ìgbìmọ̀ náà máa bọ̀ wá wọn ilẹ̀ Buaphan fún ilé ìtọ́jú aláìsàn.

Buaphan, aya àtàtà, ìyá wa, Olúwa tó mọ ọ̀nà méjèèjì yóò mú ọ délé. Sinmi o.