Ìtàn Ìgbésí Ayé Èlísábẹ́tì Oyèdèjì, Aṣọ́gólì, Ìyàwó Agbo Ilé Alápó (1931–1959)

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Győr, ní ilẹ̀ Họ́ngárì, níbi tí odò ti pàdé odò. Níbẹ̀ ni wọ́n bí olóògbé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1931. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Halmos, jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Erzsébet ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n pásítọ̀ wa ní Èlísábẹ́tì inú Bíbélì náà ni, Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹbí mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, àwọn kan ṣì ń wò ó pé irọ́ ni. Àwa náà ṣì ń wò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ó ń sáré lórí pápá ní Ọ̀yọ́; lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a ń wá pákó tí a ó fi kan pósí.

Nígbà ogun Hítílà, ní ọdún 1944, bọ́ǹbù pa bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, títí ó fi kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, eré tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí kó tó dé. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi gbà á, ọwọ́ ni wọ́n ń fi jù ú sínú àwọ̀n. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ gbá a ti jẹ̀bi. Èlísábẹ́tì ló ń ṣọ́ gólì. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ gólì nìkan ló ń rí gbogbo pápá, nítorí náà ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kó sì máa fi orúkọ darí àwọn tó wà níwájú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ títí wọ́n fi pè é, ní ọdún 1956, pé kó wá dán ara rẹ̀ wò fún ẹgbẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò débẹ̀. Ìjà ìlú bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà wọlé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ kọjá ààlà. Bó ṣe di èrò ìlú Líìdì nìyẹn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Josiah Adéṣínà Oyèdèjì, ọmọ wa tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ti rí i. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà ọdún 1957.

Nígbà tí fọ́tò ìgbéyàwó dé Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá Rúùtù Àníkẹ́ Oyèdèjì, ìyá ọkọ, dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ẹ mọ Màmá, àwọn ni wọ́n ń ra igbá fínfín ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ wá tà ní Takie níhìn-ín. Wọn kì í ra igbá tí wọn kò bá tíì fi ìka kàn wò.

Ìyàwó dé ní oṣù kẹta ọdún 1958. Ó kúnlẹ̀ gbì, bí ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀lù dúró, eruku sọ. Àwọn obìnrin ilé rẹ́rìn-ín títí. Màmá fi ìborùn bo ẹnu. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé gbogbo ọmọ ilé ló ní oríkì tí wọ́n fi ń kí i láàárọ̀, ló bá bi Màmá pẹ̀lú Yorùbá kékeré tó ní lẹ́nu: “Màmá, èmi ńkọ́?” Màmá ní kó fara balẹ̀ ná. Nígbà tó bí Títílayọ̀ ní oṣù kejìlá, Màmá sọ ọmọ ní Àdùkẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ìyá ọmọ jókòó níbẹ̀, òun kò ní.

Nínú ìjọ, ó wà lára ẹgbẹ́ akọrin. Kò mọ ìtumọ̀ ìdajì ohun tó ń kọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1959, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí Dorcas, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti ń kàwé. Ó ní òun fẹ́ kọ́ wọn ní eré òun. Bọ́ọ̀lù kò sí. Mìkáílù oníṣẹ́ awọ ló fi awọ ewúrẹ́ rán ti àkọ́kọ́, wọ́n ki òwú àràbà sínú rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Títílayọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já, ó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú gólì.

Ní oṣù keje, ó kó àwọn ọmọ náà wá Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá figagbága. Gbogbo agbo ilé ló jáde lọ wò ó. Bí eré ṣe gbóná ni Èlísábẹ́tì bá figbe ta: “Dorcas! Dorcas, padà sẹ́yìn!” Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ? Bó jẹ́ ìkókó, ọkọ rẹ̀ ni. A rò pé ó mọ̀, torí a kò gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nílé rí. Àṣé ojú ló ń tì í, ẹ̀rín ló kàn máa ń rín sí wa. Màmá dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, ó di ilé. Wọ́n ní, “Ẹni tí kò mọ orúkọ tí a kì í pè, orúkọ wo ni kí n wá fún un?”

Láti ọjọ́ náà Màmá kò dá a lóhùn mọ́. Á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní “Ẹ káàárọ̀ mà,” Màmá á máa to igbá lọ. Oyèrónkẹ́, ìyálé ilé, ni àánú ṣe, tó sì là á yé e. Olóògbé sunkún, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín pé òun ní ọkọ tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Oyèrónkẹ́ kọ́ ọ ní orúkọ tí ìyàwó fi ń pe àwọn ọkọ rẹ̀. Dorcas di Adúmáadán. Ẹ̀rù ń bà á kó má tún ṣì í, ló bá fún gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, títí kan àwọn tí kò bá wa tan rárá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, wọ́n tún figagbága, ní Ọ̀yọ́. Màmá wà ní Akẹ̀sán. Wọ́n ní àwọn kò lọ wo nǹkan kan, wọ́n kàn gba ọ̀nà pápá kọjá ni, tàwọn ti Marufat tó ń ta igbá fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ: “Adúmáadán, ọkọ mi, ẹ padà sẹ́yìn!” Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n sọ fún Marufat pé àwọn ti ní oríkì kan nípamọ́ fún ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti kúnlẹ̀ gbì. Marufat ní, “Ẹ kúkú pè é nísinsìnyí.” Màmá ní, “Ẹgbẹ́ pápá kọ́ ni a ti ń fún ìyàwó lóríkì. Lọ́la, bó bá délé, màá pè é lójú gbogbo ẹbí.”

Eré parí. Èlísábẹ́tì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Dorcas bu omi wá. Ó gba ife, ife bọ́, kò mu ún. Kò ṣàìsàn, orí kò fọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà ní ọkàn ni. Màmá ṣì dúró ti igbá wọn, wọ́n ń wí pé, “Ṣebí ó ń pariwo nísinsìnyí ni.” Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ohun tí wọ́n ń wí náà nìyẹn.

Ó fi ọkọ sílẹ̀, Josiah. Ó fi Títílayọ̀ Àdùkẹ́ sílẹ̀, tí kò tíì pé ọdún kan. Ó fi ìyá tó bí i sílẹ̀ ní Győr, tí a ti tẹ wáyà sí, tí a kò sì tíì gbọ́ èsì rẹ̀. Ó fi Màmá sílẹ̀, àti Dorcas, ọkọ rẹ̀. Kò sí ọmọ-ọmọ tí a ó kà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gbà á.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ mọ̀ pé àgbà kì í bá òkú ọ̀dọ́ dé ibojì. Màmá kò ní lè tẹ̀ lé wa lónìí. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Josiah ní Takie la ti tẹ ìwé yìí, Màmá sì jókòó ti ẹ̀rọ títí a fi tò ó dé ìlà yìí. Wọ́n ní kí ẹ má bínú, iṣẹ́ kan ni àwọn fẹ́ rán yín. Bí ẹ bá da erùpẹ̀, kí olúkúlùkù yín bá àwọn pe oríkì rẹ̀, kó le dáadáa, bí ẹni tó ń ṣọ́ gólì ṣe ń pariwo, torí kò gbọ́ ọ rí.

Àbẹ̀kẹ́. O ti délé. Sùn re o.