Òòlù Zhor Nínú Ilé Tí A Rà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìlú Fẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé.

Ilé ogún ni èmi àti ọkọ mi rà lọ́wọ́ Larbi, àkọ́bí olóògbé tó nilé. Ó búra pé Zhor, àbúrò òun obìnrin, ti fọwọ́ sí i. A gbà á gbọ́, a ò wá obìnrin náà lọ.

Bí a ṣe ń kó ẹrù wọlé ni Zhor já wọlé tòun tòòlù irin. Ó fọ́ ìsun omi olókùúta tó wà láàárín àgbàlá wẹ́wẹ́. "Ibi tí bàbá mi ti ń ṣàlùwàlá rèé! Ta ló ta ìpín mi fún yín, ẹ̀yin olè?" Ọkọ mi fẹ́ dì í mú, ló bá fi òòlù gbá a, eegun èjìká rẹ̀ kán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ ní ìpín Zhor ṣì wà nínú ilé náà. Yàrá òkè ló ń gbé báyìí. Láràárọ̀ ló ń fọ́ ògiri: "Ìpín mi ni mò ń fọ́, kò kàn yín!"

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilé ogún, ẹ rí gbogbo ọmọ olóògbé lójúkojú kẹ́ ẹ tó sanwó.

Olóòtú, ṣé kí n kó jáde ni? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, torí mo ti ra òòlù tèmi lánàá.