Ẹgbàárùn-ún Ó Lé Kan

Yàrá Kẹta,
Òkè Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ níjọ́sí, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé gé aṣọ oníbàárà sódì? Ara tèmi le, àfi eyín tó ń yọ mí lẹ́nu. Àgbà ti dé, kí la ó ṣe?

Mo ń palẹ̀ àpótí ìwé mi mọ́ lánàá ni ọkàn mi lọ sí kíláàsì wa, àwa méjì lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá fèrèsé, tí ẹfun bo gbogbo ìka wa. Ṣé o rántí bí olùkọ́ ṣe ń ya nọ́ḿbà sọ́tọ̀? Èyí tí nọ́ḿbà mìíràn lè pín láìṣẹ́kù, ó ní ẹlẹ́bí ni. Èyí tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀, olóríkunkun ni. A ó máa pín nọ́ḿbà ara ilé àwọn ènìyàn bí a ti ń lọ sílé, a ó sì máa pe onílé tí kò ṣẹ̀ wá ní olóríkunkun. Ayé ọjọ́un mà dùn o.

Àfi ọjọ́ 10,001. Ẹnì kan péré ni wọ́n fẹ́ mú lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ sì ní kí àwa méjì jọ wádìí irú nọ́ḿbà tó jẹ́. A mọ̀ pé olóríkunkun tí kò tó ọgọ́rùn-ún nìkan ló yẹ kí a fi pín in wò, a sì pín iṣẹ́. Ìwọ mú àwọn olóríkunkun láti orí èjì dé mẹ́tàlélógójì, èmi mú mẹ́tàdínláàádọ́ta dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí mo dé mọ́kànléláàádọ́rin, ó ti sú mi. Mo parọ́ fún ọ pé mo ti parí. Ìwọ lo dìde, o ní olóríkunkun ni, a ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Olùkọ́ mi orí. Ó ní ẹlẹ́bí ni, òun ò sì lè rán ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí kò wò. Èmi ni wọ́n mú. Ìwọ lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ.

N kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé ẹ̀kọ́ gíga tí mo fi rí i: mẹ́tàléláàádọ́rin ló pín in, olóríkunkun tó tẹ̀ lé ibi tí mo dúró gan-an. Ìpín tèmi ni. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lọ fún ogójì. Mo ń tan ara mi pé o rò pé ìwọ lo ṣì í, ojú sì ń tì mí láti sọ̀rọ̀.

Lánàá, bébà tí a fi pín iṣẹ́ náà jábọ́ láti inú ìwé tí o fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Mo yí i padà. Ìkọ̀wé rẹ wúruwùru ló wà lẹ́yìn rẹ̀: 73 × 137 = 10,001. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Péńpé, má sọ fún wọn. Máa lọ.”

Mo sunkún gan-an. O mọ̀, o sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo lọ bá olùkọ́ láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, màá jókòó síta títí wàá fi ṣí i.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Péńpé.