Kásẹ́ẹ̀tì Alhaja Jemilat

Tudun Wada,
Kaduna.
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹsàn-án, 1996.

Hàwáwù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti ń lọ sílẹ̀? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. O kú aráfẹ́rakù ìyá wa, Alhaja. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì wákà tí Alhaja kọ fún ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ tí kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ àdúà ogójì. Hàwáwù, jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Ohùn náà kò sí mọ́. A ti gba orin mìíràn lé e lórí.

O mọ Adékọ̀yà, ọmọ àdúgbò Trikania níbí tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ló wà tẹ́lẹ̀, òun ló ń tọ́jú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wọn. Òfin wọn ni pé bí òṣìṣẹ́ bá ti kú, kíá ni kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà máa gba owó oṣù òkú. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Nígbà tó yá, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ọmọkùnrin ọ̀hún wá ń jókòó sílé bí adìẹ tí òjò pa.

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ wá. Ẹgbẹ́ orin wa kì í wá èrè, oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ nìkan la lè fún un. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi kọ̀ǹpútà àlòkù ta wá lọ́rẹ, kò sì sí ẹni tó lè lò ó. Adékọ̀yà to orúkọ gbogbo akọrin wa sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì wọn. Ó ní ara òun balẹ̀ níbí ju ibi tí òun ti ń bọ̀ lọ. Inú mi dùn sí i, mi ò lè purọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì titun wọ́n, nítorí náà èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà la máa ń tún lò. Nígbà tí Alhaja kú, Adékọ̀yà lọ síbi ìsìnkú, ó sunkún, ó padà dé, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò bí wọ́n ti kọ́ ọ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́. Haba! Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi mú kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fi gba orin àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa.

Ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé la tó mọ̀. Adékọ̀yà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Mọ́mì, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, òkú kì í gbé inú kọ̀ǹpútà." Inú bí mi débi pé mo gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí, ẹkún ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò wá síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò ní sọ pé kí o dárí jì í, ìyá rẹ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ bú u, bú èmi náà mọ́ ọn.

Jọ̀wọ́, má sọ fún àwọn ọmọ mọ́ pé ohùn ìyá àgbà ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kí ó dá àwọn ọmọ sí, kí ibi má tún kan ilẹ̀kùn wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adùnọlá.

Àfikún: Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán Yínúsà awakọ̀ sí ọ. Lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà yìí tán ni mo gbọ́ ọ dé òpin. Orin àwọn ọmọ kò gùn tó ti Alhaja. Kò sí wákà kankan tó kù, má retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí tàwọn ọmọ tán sí, ìyá rẹ wúkọ́, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ pa á."