Àtúnṣe Tí Kò Dé Dátábéèsì

Ọjọ́bọ, Ìkẹ́rẹ́.

Ọlọ́run ṣeun, kò sẹ́ni tó kú lónìí.

Àǹtí Bọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún ilé ìwòsàn kan ní Ògòtún, pè mí láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ara ìyá kan kì í gba oògùn pẹnisílíìnì. Lónìí, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Bí kì í bá ṣe pé ó kọ́kọ́ bi ìyá náà léèrè, ì bá ti fún un lábẹ́rẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe mi ni. Ètò mi ti já àkọsílẹ̀ ìyá náà kúrò lára dátábéèsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ sí, kí àtúnṣe tí Àǹtí Bọ́lá ṣe tó wọlé. Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n dátábéèsì ò gbọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù tó ti gé. Mo so wọ́n pọ̀ padà, mo sì pe Àǹtí Bọ́lá.

"Ẹ tún un kọ, ẹ pa ètò náà, kí ẹ tún ṣí i."

"Ó wà níbẹ̀."

Mo mí kanlẹ̀.

"Àmọ́ Dayọ̀, màá ṣì máa bi àwọn aláìsàn léèrè o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣíwọ́."