Ìbòmú Tó Wà Nínú Yàrá Gáàsì

Ilé Ìkẹ́rùsí,
Ilé-iṣẹ́ Omi,
Ọ̀nà Odò.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÒṢÌṢẸ́ TÍ Ẹ DÁ DÚRÓ NÍTORÍ PÉ Ó WỌ YÀRÁ GÁÀSÌ LÁÌLO ÌBÒMÚ

1. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹrù níbi tí a ti ń fi gáàsì kilorínì pa kòkòrò inú omi. Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú ni mo ṣe kọ̀wé.

2. Ẹnu géètì ni kọ́bọ́ọ̀dù ìbòmú wa wà tẹ́lẹ̀. Alábẹ̀wò yín dé, ó ní ibi tí gáàsì bá wà ni kí ìbòmú wà. A gbé e sínú yàrá gáàsì, ó yìn wá, ó sì lọ. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn láti ọ́fíìsì yín fi wá lẹ àkọlé pupa mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìlo ìbòmú. Mo bi ọ̀gá wa pé báwo la ṣe máa ṣe é. Ó ní kí n má da ara mi láàmú.

3. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, sílíńdà kan jò. Agogo dún. Àwa mẹ́ta dúró níwájú ilẹ̀kùn, à ń wo àkọlé, à ń wo ara wa. Gáàsì ti ń ta wá lójú, ó ń há wa lọ́fun, ilé-ìwé jẹ́léósinmi sì wà lẹ́yìn ògiri wa. Ọ̀kan nínú wa, tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í kánjú, gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, ó sé èémí, ó sáré wọlé. Ìbòmú méjì péré lọ́wọ́ rẹ̀ bà. Ó sáré jáde, ó fi ọ̀kan bò mí nímú, ó fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní èkejì, ìyẹn sì wọlé lọ ti sílíńdà náà pa. Jẹ́jẹ́ wá ṣubú lulẹ̀, ó ń wúkọ́.

4. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà tí ìwé yín fi dé pé ẹ ti dá a dúró nítorí pé ó rú òfin. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó rú u lóòótọ́. Ibi tí ẹni tó bá pa òfin mọ́ yóò ti rí ìbòmú ni kò yé mi. Wọ́n tún ti fi àgádágodo kejì sí kọ́bọ́ọ̀dù náà nísinsìnyí, wọ́n ní nítorí olè. Olè wo ló máa wọ ibẹ̀?

5. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ ká gbé kọ́bọ́ọ̀dù padà sẹ́nu géètì. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wo Jẹ́jẹ́ ní ọsibítù ló ń bi mí bóyá ohun tí òun ṣe dáa. Èmi tí mo ṣì ń mí títí di òní, n kò mọ èsì tí Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n fún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á.

Èmi ni tiyín, tí ọ̀rọ̀ ṣì rú lójú,
Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́,
Olùtọ́jú Ilé Ìkẹ́rùsí.