Iṣu Ọjà Kò Gun Àpáta

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Kétu.

Èmi Bísọ́lá ni mò ń kọ ọ́. Bàbá mi, Àjàní, ló ń sọ ọ́. Wọn kò kàwé, wọ́n sì ní bí n kò bá kọ ọ́, àwa ọmọ yóò sọ lọ́la pé àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn rèé:

Òní ni ọdún iṣu tuntun nílùú wa lórí òkè. Àkọ́bí ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iṣu oko bàbá rẹ̀ gun àpáta. Ọdún kẹta rèé tí n kò lọ, oko bàbá wa sì ti di igbó. Lánàá, mo ra iṣu ńlá kan ní ọjà Mile 12, mo fi ránṣẹ́ sí Àkànní, àbúrò mi, pé kó bá mi gbé e gòkè.

Ó pè mí lọ́sàn-án. Atẹ́gùn ń fẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Atẹ́gùn òkè yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà bi mí pé oko wo ni iṣu yìí ti wá. N kò lè purọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀."

"Wọ́n pe orúkọ ilé wa?"

"Wọ́n pè é. N kò níṣu lọ́wọ́, n kò lè dáhùn."

Nígbà ayé bàbá wa, kí wọ́n tó pe orúkọ náà tán la ti ń dáhùn.

Mò ń lọ sílé lọ kọ ebè sóko bàbá mi, kí òjò ọdún yìí tó tán.

Bísọ́lá ní, "Daddy, orúnkún yín ńkọ́?"

Ṣé orúnkún ni wọ́n fi ń kọ ebè ni? Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Àmì àtàǹpàkò Àjàní rèé. Ẹlẹ́rìí: Múfútáù, tó ń gbé yàrá kejì, àti èmi Bísọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ kí wọ́n lọ.